Fóòkì Tó Ń Gbọ̀n Nínú Ìkòkò Oje

Títí di òní olónìí, bí ìyàwó mi bá gbé ẹ̀kọ kaná, n kì í lè jókòó. Mo lè wà ní pálọ̀ kí n máa gbọ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ìró orógùn lára ìkòkò, ọkàn mi ti kúrò nínú ìròyìn nìyẹn. N óò dìde, n óò lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì, n óò máa wo bí ẹ̀kọ ṣe ń já láti orí igi. "Ó ti fẹ́ dì o," ni n óò wí. Ìyá Rẹ́nikẹ́ kò tilẹ̀ ní bojú wẹ̀yìn. Yóò kàn ní, "Ẹ kú ìfura, Bàbá Rẹ́nikẹ́." Òun àti ọmọ rẹ̀ á wá fi mí rẹ́rìn-ín.

Ẹ ó mọ ibi tí ìkíni yẹn ti wá kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ayé yín ṣe ni mo ń kọ ìtàn yìí sí. Àmọ́ n kò ní tàn yín, ọmọ mi gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Rẹ́nikẹ́ ka ìwé nípa kẹ́míkà ní pólì, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tuntun kan ní Ìgbẹsà, nídìí ìkòkò oje, iṣẹ́ kan náà tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó bi mí bóyá kí òun gbà á. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Irọ́ ni, n kò ro nǹkan kan, ẹ̀rù ló ń bà mí. Nígbà tí mo fi máa rí ẹnu fèsì, ó ti gbà á, ó ti ra bàtà iṣẹ́, ó ń fi í han ìyá rẹ̀.

Oje tí mò ń wí yìí kì í ṣe èyí tó ń jáde lára igi. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà olóròóró, òun ló ń jẹ́ kí ọ̀dà lẹ̀ mọ́ irin kó sì máa dán. Òróró ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àwọn èròjà mìíràn nínú ìkòkò irin tó ga ju òrùlé ilé mi lọ. Bó bá ṣe ń jinná ló ń ki. Bí ẹ bá tètè sọ ọ́ kalẹ̀, ọ̀dà tí wọ́n bá fi ṣe kò ní gbẹ láéláé. Bí ẹ bá pẹ́ jù, yóò dì sínú ìkòkò bíi rọ́bà. Oje kì í sì í dì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó gbóná ju òróró àkàrà lọ dáadáa, ó ń ru, ó sì lè tú sókè lójijì bá ẹni tó bá wà nítòsí. Nítorí náà gbogbo iṣẹ́ wa kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: báwo ló ṣe ki tó báyìí?

Ìkirè ni wọ́n ti bí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Joju ló mú mi wá sí Sango-Ọ̀tà nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá. Bí mo ṣe dé ilé iṣẹ́ oje kò ní ìtàn nínú. Wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀wé kà tí kò sì bẹ̀rù ooru, mo sì nawọ́. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ó gbọ́ bùkátà.

Ọwọ́ Ọ̀gá Làmídì ni wọ́n fi mí sí. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni wọ́n, wọ́n pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọn kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó là. Nígbà náà, ife oníhò la fi ń wọn oje. Ife kékeré kan ni, wọ́n lu ihò wínníwínní sí i nídìí. A ó bu oje sínú rẹ̀, a ó fi ìka dí ihò, a ó mú ìka kúrò, a ó sì tẹ aago. Nígbà tí oje bá já lẹ́nu ihò, a ó tún tẹ aago kó dúró. Bó bá ṣe pẹ́ tó ló ṣe ki tó. Ó dà bí eré ọmọdé, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Ọ̀gá Làmídì kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan aago fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ife ni mò ń fọ̀. Aṣọ rírọ̀ tí a rì bọ kẹrosíìnì ni mo fi ń fọ̀ ọ́, kì í ṣe kànhìnkànhìn, kì í ṣe irin kankan.

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Sọjí, tí a jọ bẹ̀rẹ̀, rí i lọ́jọ́ kan pé oje ti gbẹ mọ́ ihò ife. Ó mú ìṣó, ó fi gún un, ihò náà là gaara. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá Làmídì gbé ife náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò ó, wọ́n wá dá a padà fún Sọjí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń ta ènìyàn lọ́rẹ.

"Máa mú un lọ sílé," ni wọ́n wí. "Kí o máa fi mu omi. Kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́."

Ìṣó ti ha ihò náà, oje á máa yára ṣàn nínú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ife á sì máa sọ pé oje kò tíì ki nígbà tó ti ki. Wọ́n gbé Sọjí lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń di ọ̀dà sínú garawa. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ihò wínníwínní ti wọ̀ mí lára.

Òfin Ọ̀gá Làmídì tó le jù kò kan ife rárá. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọn oje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ẹnu sọ bí òun ṣe rò pé ó ki tó, kó tó wo aago. Kó wò ó láti ojú gíláàsì ìkòkò, kó gbọ́ ohùn mọ́tọ̀ tó ń rò ó, kó wo bó ṣe ń fà lára irin, kó wá sọ ọ́ síta kí àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́. "Sọ tìrẹ ná," ni wọ́n máa ń wí. Bí èèyàn bá dákẹ́, wọ́n á fi ọwọ́ bo aago. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé, nígbà tó jẹ́ pé aago ló máa sọ òótọ́.

"Tóo bá ti rí nọ́ńbà," ni wọ́n dá mi lóhùn, "ojú ẹ ò ní ríran mọ́. Ohun tí nọ́ńbà bá sọ lo máa máa rí."

N kò lóye rẹ̀ tó nígbà náà. Mo kàn ń sọ tèmi nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ bo aago mọ́ mi lójú.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n gbé fóòkì dé. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó ní orúkọ gígùn kan lára páálí rẹ̀. Irin ni, ó ní ìka méjì bíi fóòkì tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì. Iná mànàmáná ń jẹ́ kí ìka méjèèjì máa gbọ̀n kíákíá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá láti Èkó wá so ó mọ́lẹ̀ ní kí n fi ìka kàn án. Mo fi kàn án, mo sì mọ̀ ọ́n lára títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ó ní bó bá wà nínú ohun tó ń ṣàn bí omi, yóò máa gbọ̀n fàlàlà, bí ohun náà bá sì ki, yóò dì í mú. Àpótí tó wà lókè á wá ṣírò bó ṣe dì í mú tó, á sì kọ nọ́ńbà sójú gíláàsì. Ẹ ti ọwọ́ bọ omi kí ẹ máa jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ẹ wá ti ọwọ́ kan náà bọ ẹrẹ̀, ẹ ó mọ ohun tí fóòkì ń rí.

Inú mi dùn sí i. Kò sí gígun àkàbà lọ bu oje mọ́, kò sí aago. Ẹ má rò pé Ọ̀gá Làmídì bínú sí ẹ̀rọ tuntun. Rárá o, wọ́n fẹ́ràn fóòkì náà bí ẹni fẹ́ràn ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá yọ ọ́ fún ìtọ́jú, àwọn fúnra wọn ló ń nù ún, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ ha oje kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ilẹ̀ á máa gbọ̀n, nọ́ńbà á sì máa fò sókè sódò bí ẹni tí ibà ń ṣe. Àwọn ni wọ́n gé rọ́bà táyà sábẹ́ irin tó gbé páìpù tí fóòkì wà nínú rẹ̀ dúró, tí ara nọ́ńbà fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi òfin wọn sílẹ̀. Wọ́n gbé páálí kékeré kan sójú gíláàsì náà, ẹni tí kò bá tíì sọ tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ká a sókè.

Bí ohun tí a sọ àti ohun tí fóòkì sọ kò bá bára mu, Ọ̀gá Làmídì á ní kí a dá a dúró. Ìyẹn ni pé kí a pa iná, kí a fi ife oníhò wọ̀n ọ́n. Nígbà mìíràn wọ́n á ní kí a sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sínú táǹkì ìsàlẹ̀ níbi tí epo tó ń là á kó má baà dì wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí nǹkan tó ṣe oje. Jẹnẹrétọ̀ ni, tàbí afẹ́fẹ́ tó kó sínú páìpù. Ọjọ́ á ti bàjẹ́, àwọn tó ń di ọ̀dà sínú garawa á jókòó lásán, wọ́n á máa pariwo láti ọ̀hún pé, "Ọ̀gá Dá-a-dúró! Ẹ tún ti ṣe é!" Sọjí ló máa ń pariwo jù nínú wọn. Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, àwa náà á rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ọwọ́ wa fà sẹ́yìn. Kí èèyàn tó la ẹnu, á kọ́kọ́ ro ariwo tí wọ́n máa pa.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀gá Làmídì ti lọ kírun. Místà Efe, súpáfáísọ̀ wa, ló kù sílẹ̀, pẹ̀lú èmi àti Gàníyù. Ọ̀rẹ́ mi ni Gàníyù, yàrá kan la jọ ń gbé ní Joju kí èmi tó fẹ́yàwó, ó máa ń kọrin lórí iṣẹ́ títí wọ́n á fi ní kó panu dé. Ìkòkò ti ń hó láti àárọ̀. Mo gbọ́ ohùn mọ́tọ̀ tó ń rò ó. Ohùn rẹ̀ ti wúwo, ó ń mí bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè.

"Ó ti ki," ni mo wí síta.

Mo ká páálí sókè. Nọ́ńbà fóòkì ní kò tíì ki. Mo dúró díẹ̀, mo tún wò ó. Kò kúrò lójú kan. Oje tó wà lórí iná kì í dúró lójú kan. Bó ti wù kó rí, ó yẹ kí nọ́ńbà máa gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀. Èyí jókòó kalẹ̀, ó mọ́ tónítóní, kò mì rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní kò sígbà tí fóòkì ṣiṣẹ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo sáré lọ bá Místà Efe. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dá a dúró."

Ó wá wo nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. "Wetin do am? Number dey okay na. E no even dey shake."

"Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, sà. Ó yẹ kó máa lọ sókè."

Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà la ti dá oje dúró tí kò sí nǹkan tó ṣe é, àwọn ọ̀gá àgbà sì ti pè é lọ sókè lórí ọ̀rọ̀ náà. "Make we wait for Alhaji," ló wí. Ọ̀gá Làmídì ló ń pè bẹ́ẹ̀. "E go soon come. Na Alhaji go talk am."

A bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ọ̀gá. Mò ń lọ, mò ń bọ̀, nọ́ńbà kò yí padà. Mọ́tọ̀ ń mí kíkankíkan. Gàníyù ń wò mí, kò kọrin mọ́. Ó wá ní, "Jẹ́ kí n lọ bù ú wá ká fi ife wò ó. Ìyẹn kì í ṣe ìdádúró, kò sẹ́ni tó máa pariwo." Òun ló kàn láti gun àkàbà lọ́jọ́ náà. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó mú agolo olókùn, ó gùn ún lọ.

Ó ṣí ìdérí kékeré tó wà lórí ìkòkò. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ẹni ńlá bá mí kanlẹ̀. Oje ru jáde. Gàníyù fi apá ọ̀tún bojú, ìyẹn ló yọ ojú rẹ̀ nínú ewu, ṣùgbọ́n apá náà ló gba gbogbo rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe gun àkàbà. Místà Efe ti dé orí rẹ̀ kí n tó débẹ̀. Ó ti ya ẹ̀wù ara rẹ̀, ó ń da omi sí i, ó ń sunkún, ó ń pe orúkọ Gàníyù léraléra. Oje yẹn kì í ṣí kúrò lára bí omi gbígbóná. Ṣe ló ń lẹ̀.

Ilé ìwòsàn ni Ọ̀gá Làmídì ti bá wa, fìlà ìrun ṣì wà lórí wọn. Wọ́n wọlé lọ wo Gàníyù, wọ́n jáde, wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ńṣì.

"Kí lo sọ kóo tó wò ó?"

"Mo ní ó ti ki, sà."

"Kí ni fóòkì sọ?"

"Ó ní kò tíì ki."

Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó sàn kí wọ́n bú wa.

Lẹ́yìn tí ohun gbogbo tutù la rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóòkì kò sí nínú ìkòkò gan-an nígbà náà. Inú páìpù kékeré kan tí wọ́n fi ooru wé ló wà, oje á gba ọ̀nà kan wọ inú rẹ̀, á fara kan fóòkì, á sì gba ọ̀nà kejì padà sínú ìkòkò. Oje tó ti dì ti dí ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́. Oje tó wà lọ́dọ̀ fóòkì kò lọ, kò bọ̀, kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò mọ́. Fóòkì kò purọ́ fún wa. Ohun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń sọ, oje tiwa sì ti kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, Ọ̀gá Làmídì àti Místà Efe pe gbogbo wa jọ, títí kan àwọn tó ń di ọ̀dà sínú garawa. Ọ̀gá ní láti òní lọ, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó dá a dúró. Kò gbọ́dọ̀ wá ọ̀gá kankan, kò gbọ́dọ̀ dúró de àwọn pàápàá. Bó bá sì dá a dúró tí a wá rí i pé kò sí nǹkan tó ṣe oje, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pariwo. A máa kí i ni.

"A máa kí i báwo, sà?" Sọjí ló béèrè.

Ọ̀gá rò ó. "A kì í kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́? A kì í kí ẹni tó jókòó? A ó máa kí i pé, ẹ kú ìfura."

"Kí ni yóò dáhùn?"

Gàníyù, tó ti ilé ìwòsàn wá kí wa lọ́jọ́ náà pẹ̀lú báńdéèjì títí dé èjìká, ló sọ láti ibi tó jókòó sí pé, "Kó má rí bẹ́ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló di àṣà wa. Místà Efe ló kọ́kọ́ kí ènìyàn, ó sọ ọ́ bí ẹni tí gààrí kún ẹnu rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi rẹ́rìn-ín. Sọjí, ọba aláriwo, ló ń kígbe ìkíni náà jù láti ọ̀hún. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, mo dá oje dúró ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n sì kí mi kí mi títí ìkíni náà fi bá mi délé, tí ìyàwó mi fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ẹ̀kọ.

Nǹkan yí padà lẹ́yìn náà. Wọ́n gbé fóòkì kúrò nínú páìpù, wọ́n tì í bọ inú ìkòkò fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà dé. Ọ̀gá Làmídì fẹ̀yìn tì, ọlọ́jọ́ sì dé bá wọn. Èmi wá di ẹni tó ń fi ọwọ́ bo nọ́ńbà mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ lójú. N kò ní parọ́ fún yín pé iṣẹ́ náà fún mi ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Bí mo bá wà nílé, mo ń gbọ́ mọ́tọ̀. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún àdúrà, ìdákẹ́jẹ́ náà á máa dẹ́rù bà mí. Iṣẹ́ tó dára ni, ẹni tó bá fẹ́ kó ṣe é. Kó kàn mọ̀ pé kò ní jẹ́ kó sùn fọnfọn.

Irú iṣẹ́ tí Rẹ́nikẹ́ mi lọ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, á gun ọ̀kadà gba inú ẹrẹ̀ Ìgbẹsà. Lọ́dọ̀ tiwọn, inú yàrá onígíláàsì tútù ni wọ́n ń jókòó, nọ́ńbà fóòkì á máa bá wọn lórí fóònù. Mo ti kọ́ ọ ní ohun gbogbo tí mo mọ̀. Mo ní kó máa sọ tirẹ̀ kó tó wo fóònù, ó sì ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ìmọ̀ ló wọ́n wa lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Èmi mọ̀. Ohun tó ń lé oorun lójú mi ni bóyá ọmọ mi á lè dá a dúró láàárín àwọn tó máa fi í rẹ́rìn-ín. Mo ń pè é lórí fóònù títí ó fi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má pè mí níbi iṣẹ́ mọ́. Wọ́n ti ń bi mí bóyá ara yín ò yá." Láti ìgbà náà, mo ń jókòó ti fóònù, mo ń wò ó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dé nírọ̀lẹ́, kò yọ bàtà, kò bu oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní nọ́ńbà dúró lójú kan.

"Ṣé kò sẹ́ni tó fara pa?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó fara pa. Mo dá a dúró, sà. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, mo pa iná. A bù ú, a wọ̀n ọ́n." Ó wo ilẹ̀. "Kò sí nǹkan tó ṣe é. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, nọ́ńbà àtẹ̀yìnwá ló dúró sójú fóònù. Oje dára. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà wa ní òun á ra tíì fún mi kí àyà mi lè balẹ̀. Wọ́n ti ń pè mí ní Màmá Jáyà."

Ìyá rẹ̀ tó máa ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà kò rẹ́rìn-ín.

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀, n kò mọ̀ bóyá mo tún lè ṣe é," ni ọmọ mi wí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Ó tì mí lójú gan-an ni."

Mo jáde. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gàníyù lópòópónà kejì, níbi tó ti ń ta ṣájà fóònù. Mo sọ fún un. Kò bi mí ní nǹkan kan, ó kàn ti ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ lé mi. Nígbà tó wọlé, Rẹ́nikẹ́ dìde kúnlẹ̀ kí i, nítorí òun ló máa ń gbé e jó nígbà tó wà lọ́mọdé. Gàníyù na ọwọ́ ọ̀tún sí i, ọwọ́ tí àwọn ìka rẹ̀ ti ká kò, tí kò tún ṣí mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Rẹ́nikẹ́," ló wí, "o kú ìfura."

Ọmọ mi wo ọwọ́ náà. Látìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń rí i, ṣùgbọ́n mo rò pé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú.

"Kó má rí bẹ́ẹ̀, sà," ló dáhùn. Ó wá ní, "Bọ̀ọ̀dá Gàní, lọ́jọ́ yẹn, kí lẹ̀ ń ṣe tí ẹ ò dá a dúró?"

"À ń dúró de ọ̀gá," ni Gàníyù wí.

Rẹ́nikẹ́ jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, lẹ́bàá ẹsẹ̀ Gàníyù, ó ṣì di ọwọ́ náà mú. "Èmi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni," ló wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ. Mo dúró lẹ́nu géètì títí n kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mo sì dúpẹ́ pé ó ti ń ba òun náà.